Orúkọ Ọmọ Inú Àpótí

Mi ò lè ju ọmọ ọdún méje lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo ṣí àpótí ìyá bàbá mi láìgbàṣẹ. Ìsẹ́yìn ni. Ooru mú, àwọn àgbà ti sùn, kò sí ìró kankan ládùúgbò àfi ti òfì àwọn ahunṣọ ní ojúde kejì. Abẹ́ ibùsùn Màmá ni àpótí náà wà. Èmi àti àbúrò mi obìnrin rò pé ẹ̀pà ló kó pamọ́ síbẹ̀. Ìró àtijọ́ kan la bá, nígbà tí a sì tú u, ọmọ igi méjì ló wà nínú rẹ̀. Osùn ti mú ara wọn pọ́n, ẹ̀lú wà ní irun orí wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí wọn. Ojú wọn ti dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò, imú wọn ku díẹ̀ kó parẹ́.

Kí la mọ̀? Mo gbé ọ̀kan sẹ́yìn àbúrò mi, mo fi gèlè Màmá ṣe ọ̀já, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. Ibi tí a ti ń ṣe ìyá àti bàbá ọmọ ni Màmá ti jí bá wa. Mo ti ń retí ìgbájú. Kò gbá mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó tú ọ̀já náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí ọmọ igi náà bí ẹni ń gba ọmọ jòjòló, ó wá ní: "Ọmọlangidi kọ́ lèyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ni. Ẹ kí wọn." Mo dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi kúnlẹ̀. A kí wọn káàsán. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà ni mo mọ ìdí tí bàbá mi fi ń jẹ́ Ìdòwú. Táíwò àti Kẹ́hìndé ló ṣáájú rẹ̀ wá sáyé. Táíwò ò tíì rá kòrò tó fi lọ. Kí oṣù méjì tó pé, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Bàbá mi ò mọ ojú wọn. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀, ó ti pe àwọn méjèèjì mọ́ ọn, nítorí Ìdòwú kì í déédéé jẹ́ Ìdòwú, àfi bí ìbejì bá ti la ọ̀nà fún un.

Èdè wa ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti dà pọ̀ mọ́ra lónìí. Ọmọlangidi ni ti eré. Igi pẹlẹbẹ ni àwọn baba wa sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á fi orí sí i, wọ́n á fi ọrùn sí i, ara yòókù á gún gbọọrọ, kó lè rọrùn láti pọ̀n. Ọmọdébìnrin tí bàbá rẹ̀ kò rí igi gbẹ́ fún á mú kùkù àgbàdo, á fi àkísà wé e, ọmọ ti dé nìyẹn. Á pọ̀n ọ́n lọ sódò, á tẹ́ ẹ sórí ẹní, á bá a sọ̀rọ̀, á bá a wí. Àwọn àgbà kò kà á sí eré lásán. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ tó bá ti mọ bí a ṣe ń gba orí ọmọ igi kò ní já ọmọ ènìyàn bọ́ lọ́la. Kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ náà "ìtọ́jú", ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ère ìbejì ni ti ìrántí. Ibi tí ìbejì bá pọ̀ sí ni irú ère bẹ́ẹ̀ ti lè pọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ láyé. Nígbà tí Dókítà Nylander ṣe ìwádìí ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960, ó rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà, kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ayọ̀ ńlá ni, ẹ̀rù ńlá sì ni pẹ̀lú. Ọmọ méjì tó pín inú ìyá kan máa ń kéré, wọ́n sì sábà máa ń bọ́ sáyé kí oṣù wọn tó pé. Láyé ìgbà tí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń mú ara ọmọ kíkéré gbóná, ìyá tó gbé méjì lọ́wọ́ mọ̀ pé òun lè sọ ọ̀kan nù, òun sì lè sọ méjèèjì nù.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n á bá gbẹ́nàgbẹ́nà sọ̀rọ̀, wọ́n á máa gbọ́únjẹ fún un títí iṣẹ́ fi parí. Igi ìrẹ̀ ló sábà máa ń lò. Kì í gbẹ́ ọmọ ọwọ́. Àgbàlagbà ló ń gbẹ́: ọmú pípé tàbí àyà ọkùnrin, irun dídì tó ga, ojú ńlá tó là sílẹ̀, àti ilà ìdílé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ tí kò gbé ayé tó ọdún kan, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹni tó dàgbà tó sì níyì. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé onípélé, pélé wà lójú ère. Bí ó bá jẹ́ ti alábàjà, àbàjà ló wà níbẹ̀. Ère kan lásán ń sọ ilé tó ti jáde wá. Lójú ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, ìwé ìtàn ìdílé ni.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìyá wá bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wẹ ọmọ tó kù láàyè, á wẹ ère. Bí ó bá se ẹ̀wà, á mú díẹ̀ kan ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ra aṣọ, á ya gígé kan sọ́tọ̀ fún un. Á fi osùn kùn ún lára, á fi ẹ̀lú kùn ún lórí, nígbà tí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sì dé, ó di ti orí ère pẹ̀lú. Á tẹ́ ẹ sùn lálẹ́, á gbé e dìde láàárọ̀. Bí ìyá bá kú, èyí tó kù láàyè nínú ìbejì, tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí, ló ń gba iṣẹ́ náà. Ọdún ń gorí ọdún, ọwọ́ ń gorí ọwọ́. Ìdí nìyí tí ojú àwọn ère Màmá fi dán. Nígbà tí wọ́n kúrò níwájú gbẹ́nàgbẹ́nà, imú wọn ṣe ṣonṣo, ìpéǹpéjú wọn hàn kedere. Ìka ìyá kan ló fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pa wọ́n rẹ́. Àwọn mìíràn á rí i, wọ́n á ní ère náà ti gbó. Èmi mọ̀ pé ìkẹ́ ló jẹ ẹ́ lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé gbogbo ohun tí àwọn baba wa ṣe ló dára. Ìgbà kan wà ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, tí wọ́n ń pa wọ́n, tí wọ́n sì ń lé ìyá wọn jáde. Ìtàn tí àwọn ará Oǹdó ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìlú wọn kò fi èyí pamọ́: ayaba kan bí ìbejì, ọba kò lè pa wọ́n, ó wá ní kí wọ́n sin ayaba àti àwọn ọmọ náà jáde kúrò láàfin, kí wọ́n lọ wá ibùdó mìíràn. Nínú ìrìn-àjò àwọn tí a lé jáde yẹn ni ìlú ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkàn àwọn ènìyàn wa yí padà. Ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù di ọmọ tí wọ́n ń jó fún ní ọjà. Èyí tí wọn ì bá sọ sígbó di èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ère rẹ̀ bí ó bá kú. Nígbàkígbà tí mo bá ro ère ìbejì, ohun tí mo máa ń rí níbẹ̀ ni ẹ̀rí pé ìran kan lè mọ ẹ̀bi ara rẹ̀, kó sì fi ìkẹ́ rọ́pò ìkà. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni a wá ń tà lọ́pọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ta tiwa.

Màmá kú ní àgbà rere. Bàbá mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìnáwó òkú náà kò kéré: a pa màlúù, a gbé olórin wá láti Ìbàdàn, a dá aṣọ ẹbí oríṣi méjì, ọ̀tọ̀ fún ìsìnkú, ọ̀tọ̀ fún àsè. Gbogbo ìlú ló yìn wá pé a mọ òkú sin. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mọ̀lẹ́bí jókòó láti pín ẹrù. Ìkòkò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni kan, aṣọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó kan àpótí abẹ́ ibùsùn, ọ̀rọ̀ dákẹ́. Ẹnì kan ní kí a sun ún. Ẹlòmíràn ní alágbàtà kan ti ń yí ká àdúgbò láti ọjọ́ mélòó kan, pé ó ń ra irú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ nínú àpò sàkì. Owó tí wọ́n gbà kò tó owó aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́rin.

Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ti jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo lè sọ̀rọ̀ kí àwọn àgbà gbọ́. Mo mọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń dì sínú àpò. Mo ti kí wọn rí lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo dákẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwé tí mo kà kò mú ojú mi là. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n èmi, wọ́n kọ́ mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa ká mi lára títí di òní. Ìwà kì í bàjẹ́ nítorí pé àwọn tí kò mọ̀ pọ̀ nìkan. Ó ń bàjẹ́ nígbà tí ẹni tó mọ̀ bá pa ẹnu mọ́ kí ojú má baà tì í.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tí ẹni tó ra àwọn ère wọ̀nyẹn rà. Àwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn ère tí ojú rẹ̀ ti dán. Owó rẹ̀ máa ń ga ju ti èyí tí ọwọ́ kò kàn lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Igi náà kò yàtọ̀ sí igi tí àwa náà ní. Ohun tí olówó ń sanwó gọbọi fún ni ọwọ́ ìyá: gbogbo ìwẹ̀, gbogbo osùn, gbogbo òru tó fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Àjèjì mọ iye ìkẹ́ tí àwa ọmọ inú ilé kà sí ìdọ̀tí abẹ́ ibùsùn.

Ìwà tó tún wá burú jù ni ti àwọn tó ń ṣe ayédèrú. Wọ́n á gbẹ́ ère tuntun, wọ́n á fi nǹkan pa ojú rẹ̀ rẹ́, wọ́n á fi epo àti osùn kùn ún, wọ́n á fi èéfín rọ̀ ọ́, kí ó lè dà bíi pé ìyá kan ti fi ọgbọ̀n ọdún wẹ̀ ẹ́. Ìka kan kò fọwọ́ kàn án tìfẹ́tìfẹ́ rí. Nígbà tí ìran kan bá dé ibi tó ti ń fi ọgbọ́n àrékérekè ṣe àpẹẹrẹ omijé ìyá rẹ̀ kó lè rí i tà, kí ló tún kù tí kò ní tà?

Òfin wà o. Láti ọdún 1953 ni ìjọba ti ṣe òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń ṣàkóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò sì gbà kí a kó wọn jáde nílùú láìgbàṣẹ. Òfin lè dá àpò sàkì dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Kò lè wọ ìyẹ̀wù lọ sọ fún ọmọ pé, "Má ta ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ." Ilé ló yẹ kó ti sọ ìyẹn.

Bí ẹ bá dé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá òkè òkun, irú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ óò rí i pé wọ́n ní ère ìbejì nípamọ́. Wọ́n tọ́jú wọn dáadáa, a kò gbọdọ̀ purọ́. Kòkòrò kò jẹ wọ́n, iná kò jó wọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára ni: Yorùbá, igi, bí ó ṣe ga tó, àti ẹni tó fi ta ilé náà lọ́rẹ. Orúkọ ẹni tó kó o jọ wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ náà ni kò sí. Mi ò bá wọn wí fún ìyẹn, nítorí àwa tó tà á fún wọn kò sọ orúkọ fún wọn. Àti pé bóyá, ká ní a rántí orúkọ náà, a kò ní lè tà á. Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kì í nira láti gbé sọnù.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ. Wọ́n á ní òrìṣà ni, ẹ̀sìn àwọn kò gbà á. Kristẹni lèmi náà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni foríbalẹ̀ fún igi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ fún wa. Àwọn ère ìbejì kan wà tí wọ́n gbẹ́ tírà sí láyà, igun mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí tírà tí àwọn Mùsùlùmí ń so mọ́rùn. Ìmàle ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń kírun, síbẹ̀ wọn kò rí i pé ìgbàgbọ́ tuntun ní kí wọ́n gbàgbé òkú ọmọ wọn. Wọ́n gbẹ́ ìgbàgbọ́ náà mọ́ ìrántí lára. Ẹ̀sìn lè yí padà. Ta ló sọ fún wa pé ẹ̀sìn tuntun kò lè gba ìrántí àtijọ́ láyè nínú àpótí?

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ ọkọ̀ kò ráyè di ère mọ́ra. Síbẹ̀, wọ́n gbé orúkọ Ìbejì dé Brazil, wọ́n gbé e dé Cuba. Ní Bahia, àwọn ọmọ ìran wọn so Ìbejì pọ̀ mọ́ Kọ́símù àti Dàmíánì, àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá sì pé ọjọ́ 27, wọ́n á se ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, wọ́n á pe àwọn ọmọdé, àwọn ọmọdé ni wọn á sì kọ́kọ́ fún jẹ. Àwọn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn rántí. Àwa tí a jókòó sí ìdí àpótí ló gbàgbé.

Síbẹ̀, kì í ṣe igi ni mò ń sọkún lé lórí. Àṣà tó wà láàyè máa ń pààrọ̀ aṣọ. Lọ́dún 1973, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Marilyn Houlberg, kọ àpilẹ̀kọ nípa ère ìbejì. Ó rí i nígbà náà pé àwọn ìyá kan ti ń fi ọmọ oníke tí wọ́n rà lọ́jà rọ́pò ère igi. Ní ọdún 1975, Stephen Sprague rí èyí tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pọ̀ sójú kan, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á ya ẹni tó kù náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì pààrọ̀ aṣọ fún un. Ẹ ò rí i bí? Ìlá Ọ̀ràngún yìí ni ìlú Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà láti ìran dé ìran. Níbi tí ìmọ̀ igi gbé jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá kò bẹ̀rù láti lo kámẹ́rà. Oníke ni o, fọ́tò ni o, wọ́n ṣáà rí i pé ọmọ náà kò sọnù. Ohun èlò yí padà, ìkẹ́ kò yí padà. Èyí kò burú rárá.

Ti ayé òde òní ni ọ̀ràn yí padà sí òdìkejì: ohun èlò pọ̀ yanturu, ìkẹ́ ti wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ló wà lórí fóònù kọ̀ọ̀kan wa. Mélòó la máa ń padà wò? Mélòó la fi han ọmọ wa, tí a sọ pé, "Èyí ni àǹtí ìyá mi, òun ló san owó ilé ìwé mi"? Bí fóònù bá jábọ́ sómi, ìdílé ti bá a lọ. Màmá kò ní ju ère méjì lọ, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́. Ọwọ́ ni ìrántí fi ń wà láàyè. Ohun tí a kì í fọwọ́ kàn, tí a kì í dárúkọ, kò sí nílé náà mọ́, ì báà jẹ́ wúrà.

A tún ti sọ ìrántí di àríyá. A lè yá owó sin òkú, a lè dí títì nítorí òkú, ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ta ló ń dárúkọ òkú náà? Igbó-Ọrà ń ṣe àjọ̀dún ìbejì báyìí, láti ọdún 2018, ìbejì ń dé láti ọ̀nà jíjìn, ó sì dùn ún wò. Mo yìn wọ́n. Àdúrà mi ni pé kí a rí ààyè, láàárín ìlù àti ankara aláwọ̀ kan náà, fún orúkọ àwọn tí kò dúró dàgbà. Àwọn ìyá wa kò ya ayọ̀ ìbejì kúrò lára ọ̀fọ̀ ìbejì. Ẹ̀wà kan náà ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn méjèèjì.

Ọmọlangidi tòótọ́, ti eré, ń padà bọ̀ nílé àwọn kan, inú mi sì dùn. Láti ọdún 2007 ni Taofick Okoya, ọmọ Nàìjíríà, ti dáwọ́ lé àwọn ọmọlangidi aláwọ̀ dúdú tó pè ní Queens of Africa, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Wúraọlá. Ó dára kí ọmọ wa gbé ọmọ tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kò lè bá wa ṣe èyí tó kù. Ọmọlangidi tó bọ́ láti inú páálí kò tíì ní ìtàn kankan. Ìyá tó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀, tó kọ́ ọ bí a ṣe ń di ọ̀já, tó kọ́ ọ lórin tí ìyá tirẹ̀ kọ fún òun, ló fi ìtàn sí i lára. Bí a bá rà á tán, tí a wá ju ọmọ àti ọmọlangidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé a ń wo fóònù, igi lásán ni a rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ oníke.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí bàbá àgbà fi ń jẹ́ Ìdòwú. Mo ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó wá ní, "Dádì, ibo ni wọ́n wà?" Ó fẹ́ rí wọn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú tiwa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní Ìsẹ́yìn. Mi ò ní ohun tí mo lè gbé fún un. Nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀, tó yẹ kó bá nílé, mo dákẹ́ kí wọ́n lè tà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ yín bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí. Bí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín bá ṣì wà láyé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí kò dúró. Ó lè mú omi bọ́ lójú wọn, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń retí láti ọdún pípẹ́ pé kí ẹnì kan bi wọ́n. Ẹ kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀. Bí àpótí kan bá wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jáde kí ẹ tó mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì jókòó sí àárín mọ̀lẹ́bí, tí wọ́n fẹ́ ta ohun tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Kí ojú tì yín fún wákàtí kan sàn ju kí ẹ kábàámọ̀ títí ẹ̀mí lọ.

Ní ti ilé tiwa, Táíwò ni ọ̀kan, Kẹ́hìndé ni èkejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Wọn kì í ṣe títà.